Ògiri Tó Ń Mumi

 Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin àgbà bírikìlà àti kápẹ́ńtà tí mo rí níwájú yẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́: Àwọn tó rán mi níṣẹ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé, tàbí ulé gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é lápá Èkìtì níbí, wọ́n sì ní kí n má sọ̀rọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá ní aago lọ́wọ́ kó máa ṣọ́ mi.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rá kan tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngán yìí, lọ́wọ́ òsì mi níbẹ̀ yẹn, lábẹ́ fèrèsé kejì. Níjẹta tí mo dé ni mo lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Mo là á, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ níbí ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí òun yọ ọ́ dànù. Ìyá kan tilẹ̀ wò ó títí, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe oògùn lẹ fi síbẹ̀ yẹn?" Mo ní rárá o, ìyá, ẹ̀rí ni. Títí a ó fi parí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Àwọn àgbà ní ilé tí a fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, itọ́ ni gbogbo ènìyàn sì máa ń tẹnu mọ́: iṣẹ́ gbàrọgùdù, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní dára. Èmi, ìrì ni mo ń wò. Òwe náà kò dárúkọ òjò, kò dárúkọ àgbàrá, kò dárúkọ ìjì. Ìrì ló dárúkọ: omi tí kì í kanlẹ̀kùn, tí kì í dún lórí páánù, tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti yọ, a ti gbàgbé pé ó wá. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn mọ ilé dunjú.

Omi ńlá máa ń ní orúkọ, ó sì máa ń ní ọjọ́. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa ya ní Ìbàdàn, tó gbé ènìyàn tó lé ní 200 lọ. Àwọn kan ṣì ń fi ka ọjọ́ orí ọmọ wọn. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya ní Ìbàdàn yẹn kan náà. Tiwa níhìn-ín, òkè ló yí wa ká, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, àgbàrá kì í dúró kí wa kó tó kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wa fi balẹ̀ jù. A ti gbà pé bí omi kò bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, omi kò sí nílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Òjò tó bá ga ní mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró, lítà omi kan ni. Òrùlé ilé oníyàrá mẹ́rin lè fẹ̀ tó mítà 10 sí mítà 10. Bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ nírọ̀lẹ́ kan, tí ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kì í ṣe òjò tí à ń sá fún níhìn-ín, lítà 2,000 ni òrùlé yẹn gbà. Dúrọ́ọ̀mù 10 nìyẹn. Lágbègbè wa yìí, òjò ọdún kan máa ń tó nǹkan bí mìlímítà 1,300. Ẹ bá mi sọ ọ́ di dúrọ́ọ̀mù: 650, lọ́dọọdún, lórí òrùlé kan ṣoṣo. Mo máa ń bi onílé pé, "Níbo ni wọ́n ń lọ?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti wọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló ń da gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri, ibẹ̀ náà ló sì ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Arámọ̀kọ, sí yàrá ìyá mi.

Ilé alámọ̀ ni bàbá mi kọ́, ògiri rẹ̀ nípọn ju ti ilé búlọ́ọ̀kù èyíkéyìí lọ. Lọ́dún tí mo wọ ilé-ìwé girama, bàbá mi rí owó díẹ̀, ó fi síménǹtì rẹ́ ilé náà tinú tòde, ó sì da kọnkéré sí gbogbo iwájú ilé kí ẹsẹ̀ má baà máa kó amọ̀ wọlé. Àwọn aládùúgbò wá bá wa yọ̀. Ilé di tuntun.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé yàrá òun ń rùn. Àwa ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní òórùn àgbà ni. Mo kun yàrá náà fún un. Nígbà tó di ọdún kejì, láti ilẹ̀ dé orúnkún, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, ó ń ṣí pẹ́lẹ́ńkẹ́, ohun funfun kan sì hù sára ògiri bí iyọ̀. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí kì í bá ṣe iyọ̀, ọmọ ìyá iyọ̀ ni. Mo ha á kúrò, mo kun ún lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dà olówó gọbọi. Ó tún ṣí. Lẹ́ẹ̀kẹta, oníṣẹ́ kan ní kí n jẹ́ kí òun lẹ táìsì mọ́ ọn dé ìbàdí, pé omi kò lè la táìsì kọjá. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Ọdún méjì gbáko, ògiri dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan ìyá mi ní kí n wá bá òun gbé àpótí rẹ̀. Àpótí pákó ni, ó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn. Inú rẹ̀ ni aṣọ òfì tí ó fi ṣe ìyàwó wà, pẹ̀lú àwọn fọ́tò. Bí mo ṣe fà á báyìí, ìdí rẹ̀ kù sílẹ̀. Ikán ti jẹ pákó náà láti ẹ̀yìn, ojú iwájú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa máa wò. Òfì náà ti bu, àmì dúdú wínníwínní kún ara rẹ̀. Àwọn fọ́tò ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Nígbà tí mo ya méjì, ojú bàbá mi bá ti òkè lọ. Ìyá mi kò sunkún. Ó kàn ní, "Mo sọ fún ọ pé yàrá yìí ń rùn." Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi ọ̀dà àti táìsì dá a lóhùn.

Mo wá bàbá bírikìlà kan lọ, ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ògiri náà lójú. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó ń kàn án láti òkè wá sísàlẹ̀: kó, kó, kó, bí ẹni tó dé ilé àna. Lókè, ó ń dún kó. Nígbà tó dé ibi táìsì, ó dún bòm̀, bí agbè òfìfo. Ó ki ẹnu òòlù bọ etí táìsì kan, ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ bá ṣí bí ìdérí ìkòkò, táìsì àti síménǹtì pa pọ̀. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bàbá náà ki ìka kan bọ inú ògiri ilé bàbá mi dé oríkèé kejì, ó yọ ọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ògiri yìí ń wá ibi tí yóò gbà mí, ẹ wá dí i nímú."

Ohun tí mo wá sọ níbí lónìí kò ju gbólóhùn bàbá yẹn lọ. Ìyókù, àlàyé ni.

Amọ̀ a máa mumi. Bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà ni omi ilẹ̀ ṣe ń gun ògiri, díẹ̀díẹ̀, títí dé orúnkún, nígbà mìíràn dé nǹkan bíi mítà kan. Ó ń kó iyọ̀ inú ilẹ̀ lọ́wọ́ bó ṣe ń bọ̀. Bí ó bá dé ojú ògiri, omi á gbẹ lọ, iyọ̀ á kù, iyọ̀ náà á máa wú, á sì máa ti ọ̀dà kúrò lẹ́yìn. Láyé àtijọ́, ìyẹn kì í pa ilé. Omi tí ògiri bá mu lásìkò òjò, á tú u jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ògiri ti san gbèsè ọdún. Síménǹtì tí bàbá mi fi rẹ́ ẹ ló ti ilẹ̀kùn. Omi ń gòkè síbẹ̀, kò kàn rí ibi gbà jáde mọ́, ló bá jókòó sínú amọ̀, amọ̀ sì rọ̀. Àwọn ibi tó sán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára síménǹtì náà tún ń gba omi òjò wọlé láti òde. Èyí tó burú jù ni kọnkéré iwájú ilé, tó dà sọ́dọ̀ ilé dípò kó dà sí títì. Ilẹ̀ ibẹ̀ náà kò lè mí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ló kù tí omi lè gbà. Ọ̀dà mi àkọ́kọ́ dí i, ìkejì dí i sí i, táìsì wá fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọdún méjì tí mo ní ògiri dákẹ́ yẹn, ó ń rà ni.

Mi ò bú síménǹtì o. Dáńgótè kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí mo ń sọ ni pé síménǹtì le, kì í sì í gbún. Amọ̀ a máa wú bó bá mumi, a máa sún kì bó bá gbẹ. Ẹni méjì tí ọ̀kan ń wú tó ń sún kì, tí èkejì kò mira, wọn ò lè jọ sùn pẹ́ kí wọ́n má tú ká.

Àwọn tó kọ́ ilé níhìn-ín kó tó di pé síménǹtì dé mọ ọ̀tá wọn. Wọ́n á mọ ìpele ògiri kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Etí òrùlé wọn máa ń yọ jìnnà sóde kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà ta sára ògiri. Àwọn ìyá wa a máa fi bọ́tọ pa ilẹ̀ àti ògiri, wọn a sì tún un pa, ìtúnpa yẹn sì ni àyẹ̀wò wọn: ẹni tó ń fi ọwọ́ pa gbogbo ara ògiri ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún yóò mọ ibi tó rọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti ń to àpáàdì ní òòró ní òòró sínú ilẹ̀ àgbàlá, kí omi òrùlé lè bọ́ sórí ohun tí kò ní di ẹrẹ̀. Ìtàn ní Ọọ̀ni obìnrin, Lúwo, ló fi í lélẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan amọ̀. Àwọn ènìyàn ń fi Lúwo ṣe àpẹẹrẹ ìgbéraga. Ní tèmi, bí mo bá ní àǹfààní, ìyá náà ni mo máa fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́.

Bí a ṣe wo ilé ìyá mi sàn nìyí. A ṣí gbogbo síménǹtì kúrò láti ilẹ̀ dé òkè àyà. A gé kọnkéré iwájú ilé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, a gbẹ́ kòtò tí kò jìn síbẹ̀, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a sì jẹ́ kí ó dà sí ọ̀nà gọ́tà. A fi páánù kún etí òrùlé kó yọ sóde. Lẹ́yìn náà bàbá bírikìlà ní kí a lọ jókòó. Iṣẹ́ tó le jù nìyẹn. Oṣù kọkànlá ni, Kérésì ń bọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Èkó, ògiri sì wà ní ìhòòhò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìtìjú gbáà ni, pé kí n jẹ́ kí wọ́n kàn rẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́ kí àlejò tó dé. Bàbá náà ní tí a bá rẹ́ ẹ, kí a wá ẹlòmíràn. Ọyẹ́ méjì ló kọjá kó tó ní ó ti gbẹ. Amọ̀ tí a pò mọ́ yanrìn ló fi rẹ́ ẹ padà, kò jẹ́ kí síménǹtì dé ìtòsí rẹ̀.

Mo gbọ́ ẹni tó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn yẹn pé ilé búlọ́ọ̀kù ni tòun. Ẹ rọra mí. Búlọ́ọ̀kù náà ń mumi, àgàgà búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣẹ́ síménǹtì rẹ̀ kù. Àwọn bírikìlà tó wà níbí mọ ohun tí à ń pè ní dì-pì-sì, ìpele tó ń dí omi ilẹ̀ lọ́nà kó má gun ògiri, àti ọ̀rá dúdú tó yẹ kí a tẹ́ kí a tó da Jámánì fúlọ́ọ̀. Wọ́n tún mọ iye ilé tí onílé ti sọ pé, "Ẹ fi ọ̀rá yẹn sílẹ̀, ta ni yóò rí i?" Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó rí i. Àwọn mìíràn sì fi í síbẹ̀ o, àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ òdòdó jọ mọ́ ara ògiri, iyẹ̀pẹ̀ náà ga ju ibi tí dì-pì-sì wà lọ, omi bá gba orí rẹ̀ fò bí ewúrẹ́ tó fo ọgbà.

Lókè ńkọ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, síílìn jẹ́ olófòófó. Bí páánù bá jò bíńtín, àmì rẹ̀ á yọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, róbótó, pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹni da tíì sí i, etí rẹ̀ á dúdú ju àárín lọ. Bí òrúka bá wà nínú òrúka, ó ti jò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A kórìíra àmì yẹn, ṣùgbọ́n òun ló ń rán wa sí kápẹ́ńtà. Nísinsìnyí, síílìn PVC ló wà lóde. Ó dán, kì í mumi, kì í yọ àmì, ó mọ àṣírí bò. Omi lè máa kán sórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ó máa ṣàn lọ sí orí ògiri, kí igi òrùlé máa jẹrà lókè, kí ẹ sì máa fi síílìn yín ṣe fáàrí nísàlẹ̀. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà ṣe ihò tí ènìyàn lè gbà gòkè, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo orí síílìn yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Ibi tí ìṣó ti dógùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ti pàrápẹ́ẹ̀tì tún wá. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé báyìí ló fẹ́ kí ògiri bo òrùlé mọ́lẹ̀ kí ilé lè dà bí ti Lẹ́kí. Mo mọ̀ pé ó dùn wò. Ṣùgbọ́n gọ́tà ti wà nínú ilé nìyẹn, lẹ́yìn ògiri, níbi tí ojú kò tó. Ewé máńgòrò mẹ́ta péré ló lè dí ẹnu páìpù rẹ̀, òjò kan ṣoṣo á sì sọ ẹ̀yìn pàrápẹ́ẹ̀tì di odò. Àwọn baba wa lé omi jìnnà sí ògiri. Àwa gbé omi sórí ògiri, a sì sanwó fún un.

Bí ó bá jẹ́ páìpù inú ògiri ló ń jò, kò ní dúró de òjò. Omi tó ń kán ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè kún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà lójúmọ́. Ẹ pọn omi kún táńkì yín lálẹ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má lo omi mọ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí omi dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ti lọ sílẹ̀, ẹ wá pílọ́mbà, ẹ má wá akunlé. Ògiri ilé ìwẹ̀ tó bá ti ń gbé ènìyàn díẹ̀díẹ̀ bí a bá fọwọ́ tútù kàn án, ẹ pa iná ilé yẹn pátápátá, ẹ pe oníṣẹ́ iná lójú ẹsẹ̀. Omi ti dé ọ̀dọ̀ wáyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, èyí tiyín kò gba àwàdà. Irin tó bá dógùn-ún nínú kọnkéré a máa wú, ó sì máa ń ya kọnkéré láti inú. Bí ẹ bá rí ibi tó là gbọọrọ lábẹ́ bàkónì tàbí lára òpó, tí omi pupa ń ṣàn níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi síménǹtì dí i. Ẹ kó ọmọdé kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ pe ẹ̀ńjínnìà.

Ohun èlò àyẹ̀wò tó dára jù, imú ni, àléébù kan ló ní: imú a máa mọ́ra. Ẹni tó ń sùn nínú yàrá kò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Nítorí náà àlejò ni kí ẹ bi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta wọlé, kí ẹ sì bi í kó tó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín yóò sọ òótọ́, ẹni tó kù á ní ilé yín dára.

Ọ̀rinrin kò sì mọ sára ògiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìwé ìlànà jáde lọ́dún 2009 lórí ọ̀rinrin àti ohun tó ń bu lára ògiri. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ikọ́, èémí wọn máa ń há, ikọ́ fée sì máa ń bá wọn jà ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Peckham àti Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́ ti Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì tó kú ní ìlú Rochdale ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé ohun tó bu lára ògiri ilé wọn ló pa á. Bàbá ọmọ náà ti ń fi ẹjọ́ sùn láti ọdún 2017. Ẹ mọ ohun tí àwọn onílé sọ fún un? Wọ́n ní kó kun ún. Nígbà tí mo kà á, mo ní láti gbé ohun tí mo ń kà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ yẹn pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹ́ńgílàǹdì ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025: onílé ìjọba tàbí ti àjọ elétò ilé tí ayálégbé bá ké sí nítorí ọ̀rinrin tó léwu ní ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá kó tó wá wò ó. Níbí, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ tí ayálégbé lè nawọ́ sí. Ìyá tó bá ní yàrá òun ń rùn, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní.

Bí ẹ bá fẹ́ nu ohun tó bu lára ògiri, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bo imú. Ẹ má po Hypo mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́. Èéfín tó máa jáde lè pa ènìyàn. Síílìn asbẹ́stọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má ha á, ẹ má fọ́ ọ ní gbígbẹ. Kí ẹ sì rántí pé nínù lásán kò ju kí a nu omi ojú ẹni tó ń sunkún lọ. A kò tíì bi í ohun tó ṣe é.

Ilé tó ń bà mí lẹ́rù jù nílùú yìí ni èyí tó lẹ́wà jù. Ẹ mọ̀ wọ́n. Géètì dúdú, táìsì lára ògiri, onílé wà ní Èkó tàbí Houston, ọmọ ìyá kan ló ní kọ́kọ́rọ́, Kérésì nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Fèrèsé ti pa láti oṣù kìn-ín-ní. Bí páánù kan bá ṣí lóṣù kẹrin, oṣù mẹ́jọ ni omi fi máa dá jẹ ilé. Onílé á dé ní oṣù kejìlá, òórùn á pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni kó ránṣẹ́ pe akunlé. Àwọn baba ńlá wa tó tẹ̀lé Fábùnmi, ọ̀gá ogun wọn, jà nínú ogun Kírìjì títí di ọdún 1886 mọ̀ pé ẹ̀tù tó bá rin, ojú ogun ló ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù náírà nínú ilé tí ẹ kò mọ̀ bóyá ó gbẹ. Ẹ fún ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ní owó díẹ̀ kó máa ṣí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó máa wọ gbogbo yàrá lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, kó sì ya fọ́tò orí síílìn ránṣẹ́. Ẹ má bínú sí i bó bá rí nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí i, ẹ̀rù ló bà wọ́n láti sọ.

Ó ku ọ̀rá mi. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro. Bí ògiri bá ń mumi láti ilẹ̀ tàbí láti ẹ̀yìn, omi yóò kóra jọ sí inú ọ̀rá, láàárín òun àti ògiri. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rá, tó kọjú sí wa, ni omi wà, afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngán ló ń da omi sórí ògiri tútù, fèrèsé ni ká ṣí. Bí tinú tẹ̀yìn bá gbẹ, mo ti pariwo lásán lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ ó sì dá mi dúró sanwó sẹ́lótéèpù. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ má wò ó. Wọ́n sọ fún mi pé ọdún tó kọjá ni wọ́n kun ògiri náà, mo sì rí i pé láti ilẹ̀ dé orúnkún, àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òkè.

Kábíyèsí kì í dìde nítorí ọ̀rá búrẹ́dì. A ó gbé e wá síwájú wọn. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbẹ̀. Ẹ pe ọmọ tó ń gbálẹ̀ yẹn fún mi, òun ni kó fà á.